Ẹja Japan àti omi Fukushima: ta ni ká gbà gbọ́ báyìí?

Ìyá Ẹlẹ́ja Òkè-Àjẹ:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni. Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Òkè-Àjẹ níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, titus, kótè, ṣáwá, pańla, ọdún kẹtàdínlógún mi rè é nídìí ẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni fóìsì nóòtì kan ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ní àwọn ará Japan ti da omi olóró láti ilé iṣẹ́ núkílíà wọn tó bàjẹ́ sínú òkun, ó ní ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo titus tó ń wọ Nàìjíríà ti ń wá, pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ á ní jẹjẹrẹ. Kò dárúkọ ara ẹ̀, kò sọ ibi tó ti gbọ́ ọ, ó ṣáà ń sunkún.

Mi ò kọ́kọ́ kà á sí. Àfi ìgbà tó di Sátidé tí kọ́sítọ́mà mi kan gbé ẹja tó ti rà lọ sílé padà wá, ó ti gé e, ó ti fi iyọ̀ sí i, ìkọ́kọrẹ́ ló fẹ́ fi sè fún àwọn ọmọ ẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì mi nínú ọ̀rá, ó ní "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò lè fún àwọn ọmọ mi jẹ." Kò bá mi jà o. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo rí i lójú ẹ̀. Mo dá owó ẹ̀ padà. Nígbà tó lọ tán mo wo orí ẹja yẹn, ẹyinjú ẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Mo mọ ẹja tó ti bàjẹ́, mo mọ èyí tí yìnyín ẹ̀ ti yọ́ tí wọ́n tún lọ dì padà, kí n ṣáà fìka tẹ ìkùn ẹ̀ báyìí màá sọ fún yín, àmọ́ èyí tí wọ́n ń sọ yìí, ojú ò lè rí i, ìka ò lè mọ̀ ọ́n. Ohun tó ká mi lára jù nìyẹn.

Ọmọ mi yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, ó ní ìjọba Japan sọ pé kò séwu, ilé iṣẹ́ tó nibẹ̀ náà sọ pé kò séwu. Mo ní ṣé àwọn ló máa sọ pé ó léwu ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ta ni kí n gbà gbọ́, kí ni kí n sì sọ fún àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi? Mi ò fẹ́ purọ́ fún wọn torí àtitajà, àwọn ọmọ tèmi náà ń jẹ nínú ẹja yìí.

Ọmọ Ògìjo:

Ìyá wa, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Èmi ò gbà wọ́n gbọ́ ní tèmi, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011 ni ilẹ̀ mì tìtì ní Japan, òkun wá ya lu ilẹ̀, ìgbì tó dé ilé iṣẹ́ Fukushima Daiichi yẹn ga tó bíi mítà 14, ó gun orí odi tí wọ́n mọ sẹ́nu òkun kọjá, omi wọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, iná bá kú. Nǹkan núkílíà sì rè é, bẹ́ ẹ tiẹ̀ pa á, kì í tutù bọ̀rọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa da omi tù ú, kò sì síná tó máa fa omi. Bí mẹ́ta nínú àwọn rìákítọ̀ wọn, ìyẹn ìkòkò ńlá tí nǹkan núkílíà yẹn wà nínú ẹ̀, ṣe yọ́ láti inú nìyẹn. Ó yọ́ o! Àmọ́ TEPCO tó ni ilé iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ "yọ́" lẹ́nu wọn títí oṣù Karùn-ún fi dé, ọdún 2016 ló tún wá hàn síta pé ọ̀gá àgbà wọn nígbà yẹn ló ní kí wọ́n má pe ọ̀rọ̀ yẹn.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti àwọn ará ìlú Namie tó wà nítòsí ibẹ̀. Ìjọba ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní SPEEDI, tó ń ṣírò ibi tí atẹ́gùn á gbé oró tó ń tú jáde níbẹ̀ gbà. Wọn ò sọ fáwọn ará ìlú. Àwọn èèyàn yẹn sá kúrò létí òkun lọ sí Tsushima, wọ́n rò pé àwọn ti bọ́, ibi tí atẹ́gùn gbé e lọ gan-an nìyẹn, ọjọ́ bíi mẹ́ta ni wọ́n fi wà níbẹ̀ tọmọdé tàgbà. Wọ́n ti ń fún àwọn sójà Amẹ́ríkà ní àbájáde ìṣirò yẹn kí àwọn tó nílẹ̀ tó gbọ́ sí i. Ìyá, ẹ rò ó wò, kéèyàn mọ ibi tí iná ń jó lọ, kó wá ń wo ọmọ ẹ̀ tó ń sáré lọ síbẹ̀.

Ògìjo ni mò ń gbé, ní Rẹ́mọ níbí. Gbogbo yín lẹ mọ èéfín àwọn tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ láti yọ òjé inú ẹ̀. Ìyàwó mi á sá aṣọ funfun síta láàárọ̀, ọ̀sán á ṣe, eérú dúdú ti bà lé e, ẹ fọwọ́ nù ún, á tún wọra si. A sọ ọ́ sọ ọ́, wọ́n ní kò séwu. Ìgbà tí àwọn oníròyìn ṣètò kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn wò, òjé ló wà níbẹ̀, ọdún 2025 ni ìjọba tó wá ti àwọn kan nínú wọn pa. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ẹ má bá mi sọ "kò séwu" mọ́.

Tíṣà Físíìsì, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Àbúrò, gbogbo ohun tó o sọ nípa Fukushima ló rí bẹ́ẹ̀, ti Ògìjo sì ń dun gbogbo wa. Àmọ́ ẹja inú fíríìsà Ìyá lọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀.

Nǹkan tó yọ́ yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ títí dòní, omi ni wọ́n fi ń tù ú, omi abẹ́ ilẹ̀ náà tún ń wọlé bá a. Gbogbo omi yẹn ni wọ́n ń kó sínú táǹkì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún táǹkì, omi inú wọn lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ, ó ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú oró kúrò, ó kù ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní tritium tí sísẹ́ ò lè yọ, torí ó ti di ara omi fúnra ẹ̀, bí ìgbà téèyàn fẹ́ fi asẹ́ yọ omi kúrò nínú omi. Wọ́n wá ń fi omi òkun là á kó tó jáde, ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Òté tí wọ́n fi lé e ni kó má tó becquerel 1,500 nínú lítà kan, becquerel ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka rédíéṣọ̀n. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ti omi mímu sí 10,000. Tritium kì í sì í gbé inú ẹja pẹ́, bó ṣe ń wọlé ló ń bá omi ara jáde. Cesium ló yẹ kéèyàn máa bẹ̀rù nínú ẹja, becquerel 100 ni Japan fi lé kílò kan, àwọn apẹja Fukushima fúnra wọn wá fi tiwọn sí 50.

Ẹnì kan á fi fọ́tò ẹja tó ní cesium becquerel 18,000 nínú kílò kan ránṣẹ́ sí yín, òótọ́ ni, wọ́n mú un ní oṣù Karùn-ún 2023, inú èbúté ilé iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti mú un, lẹ́yìn odi níbẹ̀, wọn kì í pẹja tà níbẹ̀. Titus sì rè é, agbami ló ń gbé. Pé ọ̀dọ̀ Japan ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá, irọ́ nìyẹn, Japan wà lára wọn lóòótọ́, Netherlands náà wà níbẹ̀, àwọn míì ṣì wà. Èmi á jẹ ẹ́, mo sì ń jẹ ẹ́.

Mi ò ní fi èyí pa mọ́ fún yín ṣá. Ọdún púpọ̀ ni TEPCO fi ń sọ fáyé pé tritium nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn táǹkì yẹn, ìgbà tó di 2018 ni wọ́n gbà pé èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ṣì ní oró míì tó kọjá òté, àfi kí wọ́n tún un sẹ́. Ní 2015 wọ́n tún kọ̀wé ṣèlérí fún ẹgbẹ́ àwọn apẹja pé àwọn ò ní ṣe ohunkóhun sí omi yẹn láìjẹ́ pé ó yé àwọn tọ́ràn kàn. Àwọn apẹja ṣì ń sọ pé àwọn ò fẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí i sókun.

Ìyá Ẹlẹ́ja Òkè-Àjẹ:

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an, ó yé mi. Àmọ́ tí wọ́n bá ti purọ́ ti táǹkì, tí wọ́n purọ́ ti yíyọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá gba nọ́ńbà wọn lónìí? Ẹ jẹ́ n fi ọjà wa sọ ọ́. Ìyá kan ń ta gàrí lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ lọ́dún kan, gàrí ẹ̀ dáa, ó kan dáadáa, wọ́n wá bá nǹkan tó tẹ́ sísàlẹ̀ kóńgò ẹ̀. Kò lé e kúrò lọ́jà. Àmọ́ látọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ ra gàrí lọ́wọ́ ẹ̀ á kọ́kọ́ lọ yá kóńgò lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó máa ń bínú, á ní ṣebí òun ti ju tọjọ́sí nù. Ó ti jù ú nù lóòótọ́, tuntun ló ń lò. Wọ́n ṣì ń lọ yá ti ẹlòmíì.

Tíṣà Físíìsì, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Màámi, ẹ ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Kóńgò ẹlòmíì lèmi náà ń wò. Lẹ́yìn 2011 àwọn ará ìlú kan ní Japan kó ara wọn jọ, Safecast ni wọ́n ń pè é, wọ́n to ẹ̀rọ tó ń wọn rédíéṣọ̀n pọ̀ fúnra wọn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n láti àdúgbò dé àdúgbò, wọ́n sì ń gbé gbogbo ẹ̀ síta fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ti omi yìí náà, IAEA, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà, ń bù ú lọ yẹ̀ wò ní láàbù orílẹ̀-èdè míì. Ní 2024, àwọn ará China bá wọn bu omi òkun tó wà nítòsí ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò, China tó kọ̀ pé òun ò ra ẹja Japan mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á o. Ẹni tí ì bá dùn mọ́ nínú láti bá irọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ lọkàn mi balẹ̀ sí, kì í ṣe ẹnu TEPCO.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀. Kì í ṣe Japan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ núkílíà Chernobyl ti Soviet Union bú gbàù, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1986. Ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó kó àwọn ará Pripyat tó wà nítòsí ẹ̀ kúrò, ayé ò sì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu Moscow àfi ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń wọn rédíéṣọ̀n figbe ta ní Sweden lọ́hùn-ún lọ́jọ́ 28. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló dé tiwa, Koko, lápá Bendel ayé ọjọ́un. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù pàǹtírí olóró láti Ítálì, wọ́n kó o sí àgbàlá ẹnì kan. Ta ló tú u fó? Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Ítálì ló kọ lẹ́tà wálé. Kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù, kì í ṣe ìjọba.

Nítorí náà mi ò ní bá Ọmọ Ògìjo wí, ohun tójú ẹ̀ rí ló ń sọ. Àmọ́ ẹ rántí 2014, nígbà Ebola. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn mi, pé kí n gbéra kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí n sì mu nínú ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ìyàwó mi ti pò ó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn mu ún lọ́jọ́ náà káàkiri Nàìjíríà, àwọn kan dèrò ọsibítù, àwọn kan kú, wọn ò ní Ebola lára. Ní Fukushima gan-an, àwọn tó kú nínú wàhálà sísá kúrò nílé àti ìnira tó tẹ̀ lé e lé ní 2,000, arúgbó ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn bíi tèmi. Tíjọba bá ti panu mọ́, ẹni tó ń sunkún nínú fóònù ló máa gba ibẹ̀.

Ọmọ Ògìjo:

Bàbá, mo gbọ́, ẹ ṣé sà. Ìbéèrè kan péré ló kù lọ́kàn mi. Nàìjíríà ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Rosatom, ilé iṣẹ́ núkílíà ìjọba Rọ́ṣíà, ní 2017 lórí kíkọ́ irú ilé iṣẹ́ yìí, wọ́n ti ń dárúkọ Geregu ní Kogi, wọ́n ń dárúkọ Itu ní Akwa Ibom. Tó bá dọjọ́ náà, kóńgò ta la máa lọ yá?

Ìyá Ẹlẹ́ja Òkè-Àjẹ:

Mo padà wá o, kí n sọ ibi tọ́rọ̀ dé. Mo lọ sí kóòdù rúùmù ní ìdájí Monday, mo ní wọn ò ní tú ẹja fún mi mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n rí páálí ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹja níbẹ̀ ní látọdún tóun ti wà níbẹ̀ kò sẹ́ni tó bèèrè rí. Ọmọ mi bá mi ka ara ẹ̀: Netherlands ló wà lára páálí méjì, Japan lára ọ̀kan. Mo gé ẹ̀gbẹ́ páálí yẹn tí wọ́n kọ ọ́ sí, mo fi okùn so ó mọ́ ara fíríìsà, kálukú lábẹ́ tiẹ̀.

Kọ́sítọ́mà mi ọjọ́ Sátidé yẹn kọjá lánàá. Ó dúró, ó ka méjèèjì. Ó ní "Ìyá, ti Japan yìí, ẹ̀yin fúnra yín ń jẹ ẹ́?" Mo ní mo din in lálẹ́ àná, a fi mu gàrí, èmi àtàwọn ọmọ. Mo sọ ti táǹkì fún un, mo sọ ti irọ́ tí wọ́n pa, mo sọ ti àwọn ará China tó bá wọn bu omi, bí Tíṣà ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mi ò yọ kankan kúrò. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Ó ní kí n wọn kílò méjì fún òun, nínú ti Netherlands.

Mo wọ̀n ọ́n fún un.