Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ ṣe másítà Zoology, àbí kí n gba iṣẹ́ olùkọ́?

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Ó tó oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ni mo fi ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Zoology ni mo kà ní yunifásítì. Second class lower ni mo gbé jáde. Mo ti ṣe agùnbánirọ̀ parí. Abẹ́òkúta níbí ni mo ń gbé, lọ́dọ̀ ìyá mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Bàbá mi ti di olóògbé. Ilé ìwé aládàáni kan ní Àsẹ̀rò fẹ́ gbà mí kí n máa kọ́ àwọn ọmọ SS ní Biology, 70,000 náírà lóṣù. Ṣùgbọ́n másítà ló wà lọ́kàn mi, ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílé níbí, ní ẹ̀ka Pure and Applied Zoology.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ìgbín omi ni mo fi ṣe project ní ọdún ìkẹyìn. A lọ sí etí odò kan, a ṣa àwọn ìgbín kéékèèké tí wọn ò tóbi ju èékánná ìka lọ, a kó wọn sínú bíkà omi, a gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń ràn. Fún bíi wákàtí kan, a ò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, mo rí i tí nǹkan bí eruku ń rìn nínú omi náà. Mo fi ẹ̀kán kan sábẹ́ maikirosikóòpù, wọ́n ń jù fìrìfìrì, ìrù wọn là sí méjì. Ọmọ aràn tó jáde lára ìgbín ni wọ́n. Àwọn ló ń gba awọ wọ ara èèyàn, tí í di àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Létí odò yẹn kan náà, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ tọ̀ sí ìdí igi, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi zóbò. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní gbogbo ọ̀rẹ́ òun ló ń tọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọkùnrin tó bá ti ń dàgbà ló ń tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò tíì gbàgbé ojú ọmọ yẹn.

Ìyá mi ò ní kí n má lọ. Àbúrò bàbá mi ló ní, "Ẹranko lo tún fẹ́ lọ máa kà? Ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́ nítorí ìgbín?" Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ju ti ọdún kan lọ. Ṣé kí n lọ? Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ supafáísọ̀ tó dára, ìyẹn olùkọ́ tó máa tọ́ mi sọ́nà nínú ìwádìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bàǹtokò:
Ọmọ mi, o kú ìrònú. Èmi ò mọ Zoology, ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin ṣe másítà. Owó ilé ìwé nìkan kọ́ ló ń dá wọn dúró o. Owó ọkọ̀ ni, oúnjẹ, dátà, owó ohun èlò láàbù. Láti Ìtòkú dé Alábàtà tí FUNAAB wà, àlọ àti àbọ̀, ṣírò rẹ̀ fún oṣù kan gbáko kó o tó ṣe ohunkóhun. Kí ìwọ àti ìyá rẹ jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ mú bírò àti ìwé, kó mọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bọ̀dá Láàbù:
Àbúrò mi, ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ nínú láàbù. Jẹ́ kí n dá àbúrò bàbá rẹ lóhùn, nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀.

Wọ́n ṣí ìdídò (dam) Ọ̀yán ní 1983, kò jìnnà sí Abẹ́òkúta níbí. Òun ló ń fún wa lómi mu, Èkó náà ń mu nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbín tí wọ́n ń pè ní Bulinus kì í fẹ́ omi tó ń sáré. Omi tó dúró, tí koríko hù sí létí, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Nígbà tí odò di adágún, ìgbín rí ilé, àwọn apẹja náà tẹ̀dó sétí omi, àtọ̀sí ajá sì gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ abúlé tó wà níbẹ̀, irú bí Ìbàrò àti Apójọlá. Nàìjíríà ló ní iye èèyàn tó pọ̀ jù lọ tí àrùn yìí ń bá jà ní gbogbo ayé. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel, ó sì ń pa aràn náà. Àmọ́ bí ọmọ bá lo oògùn lónìí tó tún wọ odò lọ́la, a tún ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí ìgbín wà, àkókò tó ń pọ̀ àti iye tó ní kòkòrò nínú, òun ló máa sọ fún ìjọba ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga sí. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn.

Nísinsìnyí, nǹkan tí wọn kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbín omi ń tẹ̀ lé òjò. Bí àgbàrá bá dé, ó máa ń gbé wọn lọ. Bó o bá ka ìgbín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà wá ọ̀nà láti wọ odò ní oṣù méjìlá léraléra, má sì dúró títí kíláàsì á fi tán kó o tó bẹ̀rẹ̀. Bó o bá tún fẹ́ gba ìtọ̀ àwọn ọmọ, àárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ni wọ́n ń gbà á, torí ìgbà yẹn ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Mílílítà mẹ́wàá ni wàá sẹ́ gba inú fílítà. Ẹyin tó ní ẹ̀gún ní ìdí lò ń wá. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìtọ̀ ọmọ kankan láìgba ìwé àṣẹ ethics, ìyẹn ti ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń ṣèwádìí lé lórí, àti ìyọ̀ǹda òbí. Ìwé àṣẹ yẹn máa ń pẹ́, tètè béèrè fún un.

Má fi ẹsẹ̀ lásán wọ omi láé. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kó àrùn náà níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀.

Mo Parí Ṣá:
Àbúrò, ọ̀rọ̀ supafáísọ̀ ni kí n sọ, torí ó dùn mí wọra. Másítà tó yẹ kí n fi ọdún méjì ṣe, ó gbà mí ní ọdún márùn-ún ní yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ. Supafáísọ̀ mi lọ sókè òkun, kò sọ fún mi. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni mo ti gbọ́. Chapter mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ 2022 tún dé, oṣù mẹ́jọ.

Kó o tó yan ẹnikẹ́ni, lọ bá àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀gá fúnra rẹ̀. Bi wọ́n léèrè: mélòó ló ti jáde láàárín ọdún mẹ́ta? Bó o bá fún un ní chapter, ọ̀sẹ̀ mélòó ló fi ń dá a padà? Ṣé supafáísọ̀ kejì wà? Bí wọ́n bá wo ojú ara wọn kí wọ́n tó dáhùn, ìdáhùn rẹ nìyẹn.

Ọmọ Igbó J4:
Èmi yan igbó Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí náà, níbi tí erin ṣì wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ṣùgbọ́n owó ọ̀kadà, owó olùtọ́nà, àti ọjọ́ tó o máa rìn tí o ò ní rí ju ìgbẹ́ erin lọ, ó pọ̀. Rufford, àjọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń fún àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko ní owó ìrànwọ́ kékeré, wò ó bó o bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n odò wà nítòsí rẹ. Ìgbín ni kó o dì mú.

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo sunkún nígbà tí mo ka ti Mo Parí Ṣá. Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ṣé wọ́n á gbà mí pẹ̀lú second class lower? Ṣé mo sì lè máa ṣiṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ mọ́ ọn?

Àǹtí PG:
Wọ́n ń gba second class lower, àmọ́ wo iye CGPA tí wọ́n kọ sínú ìpolówó, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ní òṣùwọ̀n tiwọn. Àwọn tó ní third class tàbí HND ni wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe PGD, ìyẹn díplómà tí wọ́n ń ṣe ṣáájú másítà. Béèrè fún transcript rẹ, ìwé èsì gbogbo ẹ̀kọ́ tó o kà ní yunifásítì, lọ́sẹ̀ yìí, bí o ò tilẹ̀ tíì ra fọ́ọ̀mù. Transcript tó pẹ́ ti gba ọdún kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ní ti iṣẹ́, ọdún àkọ́kọ́ ni kíláàsì pọ̀ jù. Lọ bá ọ̀gá ilé ìwé náà pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lo lè wá. Wọ́n ń wá olùkọ́ Biology lójú méjèèjì, ó lè gbà. Máa wo DAAD náà, àjọ ilẹ̀ Jámánì tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìrànwọ́, wọ́n ní ètò fún àwọn tó ń kàwé nílẹ̀ Áfíríkà níbí.

Ọmọ Ìtòkú:
Àṣeyọrí díẹ̀ rèé o. Ọ̀gá ilé ìwé náà gbà ọjọ́ mẹ́ta, 45,000. Mo ti bá ìyá mi jókòó bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú mi, wọ́n ní àwọn máa gbé owó ọkọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń lọ Alábàtà lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Láàbù, ẹ jọ̀ọ́ sà, irú bàtà rọ́bà wo ni kí n rà?

Bọ̀dá Láàbù:
Èyí tó gùn dé orúnkún. Kútọ̀ lo ti máa rí i. Kó o tó wọ̀ ọ́ dé odò, rọ omi kún inú rẹ̀, gbé e lé orí ìwé ìròyìn kó sùn síbẹ̀. Bí ìwé bá tutù láàárọ̀, dá a padà fún ẹni tó tà á.