“Ewu àtúnwá” kọ́: jẹjẹrẹ kì í ṣe Bábátúndé

Ẹ̀yin àgbà èdè, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà wá láìfọhùn, mo kí yín. Ẹ kú làákàyè.

Alàgbà wa láti Ọ̀ffà kó àwọn ọ̀rọ̀ kan wá síwájú wa nínú ẹgbẹ́ elédè Yorùbá yìí lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi wọ́n sínú ìwé pélébé kan tí wọn yóò máa pín fún àwọn obìnrin tí wọ́n ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ilé ọmọ tàbí ti ọrùn ilé ọmọ nígbà tó ṣì kéré. Kí jẹjẹrẹ tún yọjú lẹ́yìn ìtọ́jú, Alàgbà pè é ní “àtúnwá”. Bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kó yọjú, wọ́n pè é ní “ewu àtúnwá”. Àwọn kan ti pàtẹ́wọ́, àwọn kan ní kí wọ́n yára tẹ̀ ẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, nítorí náà Alàgbà kò ní bínú bí mo bá di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin.

À-tún ni mo ń bá jà. Àtúnṣe, àtúnkọ, àtúntò, àtúnlò, àtúnyẹ̀wò: ẹ kà wọ́n lọ, ẹ kà wọ́n bọ̀, ẹnìkan ló máa ń wà lẹ́yìn wọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Bí mo bá rí àtúnkọ, mo ti mọ̀ pé ẹnìkan jókòó, ó tún un kọ. “Àtúnyẹ̀wò” tí ìwé náà pe lílọ rí dókítà lẹ́yìn ìtọ́jú bá ojú mu dáadáa, nítorí dókítà ló ń yẹ ara wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alàgbà wá kọ “àtúnyẹ̀wò fún àtúnwá”, ọwọ́ ta ni a ó wò fún àtúnwá yẹn? Obìnrin tó ń kà á yóò wá ẹni tó ṣe é, ara rẹ̀ ni yóò sì nàka sí.

Mo fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé náà ní Ajáṣẹ́-Ìpo, láìsọ nǹkan kan fún un. Wọ́n ti yọ ilé ọmọ fún un, wọ́n sì ní jẹjẹrẹ náà kò tíì jáde síta. Ó wọ jígí, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ilé ìwé nígbà tiwọn. Nígbà tó dé “àtúnwá”, ìka rẹ̀ dúró. Ó ní, “Kí ni mo ṣe tó fi máa padà wá? Ṣé torí pé mo tún ń ru ẹrù lọ sọ́jà ni?” Kò sí ibì kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti sọ pé ẹrù rírù ń fa jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í fà á. À-tún ló gbé ìbéèrè yẹn sí i lẹ́nu.

Ọ̀gá wa kan ti dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀ pé àtúnwáyé ńkọ́, ta ló ṣe é? Mo dúpẹ́ pé wọ́n mú un wá, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Ẹni tó lọ ló ń ṣe àtúnwáyé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi ń bọ̀. Bí bàbá bá kú tí wọ́n bí ọmọkùnrin, Bábátúndé la ń sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìyá, Yétúndé tàbí Ìyábọ̀. Tún-dé, tún-wá, bọ̀: ohun tí à ń retí, tí à ń fi tijó-tayọ̀ gbà wọlé, la fi ń dárúkọ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń retí jẹjẹrẹ? Ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi ń kí òkú ọ̀run káàbọ̀ ni ẹ fẹ́ gbé wọ àrùn tó ń jẹ ni lára. Mi ò lè gbà.

Ní ti àtúnbọ̀tán tí wọ́n tún mú wá, pé à-tún wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ ṣe é, àtúbọ̀tán ni bàbá mi ń pè é ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sí ìró imú kankan níbẹ̀. Kí ẹni tó bá gbọ́ ọ pẹ̀lú “n” lẹ́nu àgbà sọ ìlú tó ti gbọ́ ọ. Lẹ́nu àwọn oníròyìn rédíò ni èmi ti ń gbọ́ ọ.

“Àjíǹde jẹjẹrẹ” tí olùkọ́ wa ní Òmù-Àrán dábàá, kí a má tiẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ọdún Àjíǹde ni ti àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi, ọjọ́ Àjíǹde sì ni àwọn alálùkùránì ní Ìlọrin ń pe ọjọ́ ìdájọ́ bí wọn kò bá pè é ní Àlùkìyámọ̀. Méjèèjì kò yẹ jẹjẹrẹ.

“Ìpadàbọ̀” ló sún mọ́ ọn díẹ̀, òun ni nọ́ọ̀sì wa sì ń gbèjà. Ẹ gbọ́, aúntì: ohun tó lọ ló ń padà bọ̀. Jẹjẹrẹ tó yọjú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò lọ síbì kankan. Díẹ̀ lára rẹ̀ ló ṣẹ́ kù, tó kéré ju ohun tí ojú dókítà àti ẹ̀rọ lè rí. Bí ẹ bá pè é ní ìpadàbọ̀, báwo lẹ ó ṣe ṣàlàyé fún obìnrin tí àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ tónítóní pé kó tún wá gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ? Yóò ní, “Kò sí nǹkan kan lára mi mọ́, kí lẹ tún ń sun?” Tí a bá sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé nǹkan lè ṣẹ́ kù tí ojú ò rí, ìtànṣán náà yóò yé e.

Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní Òró kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ oko. Bí a bá ro ẹ̀kan tán, tí ilẹ̀ mọ́ lójú, kì í sọ láéláé pé ẹ̀kan “padà wá”. “Ó tún hù” ni, torí ó mọ̀ pé gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí à ń yọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a nílò nìyẹn, Yorùbá oko, kò sí àṣejù níbẹ̀: ìtúnhù. Ì- ni mo fi síwájú, kì í ṣe à-. Àtúnkọ ni ìwé tí a ti tún kọ. Ìtúnkọ ni kíkọ náà. À- ń tọ́ka sí ohun tí ọwọ́ gbé jáde, ì- ń tọ́ka sí ìṣẹ̀lẹ̀. Ìtúnhù jẹjẹrẹ. Ó tún hù. Kò bẹ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì pè é.

Ẹni tó kọ̀wé pé Yorùbá Ìgbómìnà àti ti Ìlọrin ti bá Hausa àti Nupe lò pọ̀ jù, pé Yorùbá Ọ̀yọ́ nìkan la fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí òfin yẹn. Hù kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà nìkan, àwọn ará Ọ̀yọ́ náà ń rí ohun tó ń hù. Ẹni tó sì ní òun jókòó ní kíláàsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, onímọ̀ gírámà Yorùbá, ní Yunifásítì Ìlọrin, a bọ̀wọ̀ fún kíláàsì náà gidigidi. Àpẹẹrẹ la kọ́ níbẹ̀ láti fi jiyàn. Ẹ mú àpẹẹrẹ wá.

Ẹ wá jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ “ewu”, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, gbogbo wa la mọ ìyókù. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, à ń kí i pé ẹ kú ewu. Ewu tiwa, ó wà lójú ọ̀nà kí a tó dé ibẹ̀, tàbí kí a ti kọjá rẹ̀. Ó lè tóbi, ó lè kéré, ṣùgbọ́n kì í ní iye. Iye sì ni dókítà ń sọ. Ní orílẹ̀-èdè Họ́láńdì, àwọn dókítà ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní PORTEC, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2000. Obìnrin 714 ni wọ́n wò, gbogbo wọn ló ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ tí kò tíì jáde síta, tí wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtànṣán sí abẹ́ inú, wọn kò fún àwọn yòókù. Láàárín ọdún márùn-ún, nínú 100 àwọn tí kò gba ìtànṣán, 14 ni jẹjẹrẹ tún hù fún ní ojú ara tàbí ní agbègbè abẹ́ inú. Nínú 100 àwọn tó gbà á, 4 ni.

Ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ gbọ́ ìyókù. Ìtànṣán náà kò mú kí ẹ̀mí àwọn tó gbà á gùn ju ti àwọn tí kò gbà á. Ìdí pàtàkì kan ni pé òkè ojú ara ni púpọ̀ nínú èyí tó tún hù ti hù, ó sì ṣeé tọ́jú níbẹ̀. Nígbà tó di 2010, ìwádìí kejì fi hàn pé fún púpọ̀ nínú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, ìtànṣán tí wọ́n fi sínú ojú ara nìkan ti tó láti dáàbò bo ibẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i? Pé jẹjẹrẹ lè tún hù, ọ̀tọ̀ ni; pé ó lè pa ni, ọ̀tọ̀ ni. “Ewu àtúnwá” fún méjèèjì pọ̀ sínú àpò kan, ikú sì ni obìnrin yóò gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ewu kúrò. Ẹ kọ “iye tó lè tún hù fún nínú ọgọ́rùn-ún”. Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú kó gbé e wá, ṣùgbọ́n kó ní iye nínú.

Iye náà kò sì rí bákan náà fún gbogbo wọn, èyí sì ni ìwé Alàgbà fò kọjá pátápátá. Obìnrin méjì lè wà ní ìpele kìíní, tí jẹjẹrẹ kò tíì jáde kúrò nínú ilé ọmọ, kí ti ọ̀kan má fẹ́rẹ̀ẹ́ tún hù láéláé, kí ti èkejì nílò ìṣọ́ra gidi. Wọ́n á wò ó bóyá jẹjẹrẹ ti wọnú ẹran ara ilé ọmọ kọjá ìdajì. Wọ́n á wò ó bóyá ó ti yọ́ wọ àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ń gbà. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 2013 ni àwọn onímọ̀ ti ń pín jẹjẹrẹ ilé ọmọ sí ọ̀nà mẹ́rin nípa wíwo jíìnì rẹ̀. Ẹ̀yà tí jíìnì tí wọ́n ń pè ní POLE ti yí padà nínú rẹ̀ kì í sábà tún hù, èyí tí jíìnì p53 rẹ̀ bàjẹ́ ló le jù. FIGO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn dókítà obìnrin, sì fi èyí sínú ìpínsípele wọn ní 2023. Ní ti ọrùn ilé ọmọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́ abẹ pàápàá ń kà: ìwádìí LACC tó jáde ní 2018 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ààbọ̀, 96.5 nínú 100 àwọn tí wọ́n la ikùn wọn ni kò ní jẹjẹrẹ mọ́, ṣùgbọ́n 86 ni nínú àwọn tí wọ́n gba ojú ihò kékeré ṣe é fún. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ ẹrù ọjà.

Ohun mìíràn tún wà: gbogbo ìwé náà ló fi “o” àti “rẹ” bá àwọn obìnrin yìí sọ̀rọ̀. “Ó yẹ kí o lọ rí dókítà rẹ.” Ìyá ọlọ́mọ, ìyá arúgbó! Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí “ẹ” àti “yín” kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí èmi ṣe máa kọ ojú ìwé kejì nìyí:

“Iṣẹ́ abẹ ti kó jẹjẹrẹ tí ojú rí kúrò. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ tí ojú ò rí ṣẹ́ kù, kó sì tún hù. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí tiwọn rí bí tiyín, mélòó ló ń tún hù fún. Bí yóò bá tún hù, láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè yín ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síra wọn lọ́dún méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó ń rùn lójú ara, bí ìsàlẹ̀ inú tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn yín tí kò lọ, bí ẹsẹ̀ kan bá wú, bí ikọ́ kò bá tán, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.”

Ó wá ku “ìpele”. Alàgbà lò ó fún ibi tí jẹjẹrẹ dé, wọ́n tún lò ó fún bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe burú tó, ohun méjì tí dókítà kì í dà pọ̀. Èyí tó wà ní ìpele kìíní lè ní sẹ́ẹ̀lì tó burú jù lọ. Kí ìpele dúró fún ibi tó dé. Fún èkejì, mo dábàá “ìyapa”: bí sẹ́ẹ̀lì ṣe yapa sí ti ara gidi tó, ìyapa kìíní, ìkejì, ìkẹta. Nọ́ọ̀sì wa ti ní ìyapa dà bí ìjọ tó pín sí méjì, wọ́n ní “ìwọ̀n ìkà” ló dára. Ìkà ní èrò nínú, sẹ́ẹ̀lì kò ní. Alàgbà ní ilé ìtẹ̀wé ń retí àwọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un tètè gbé e síbí.