Ojú Kẹ́hìndé ń ṣe ìpin, láàbù ní kòkòrò kankan kò hù: ṣé ká ṣe PCR?

Ìyá Ìbejì, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa láàbù. Ọjọ́ tá a kó àwọn ìbejì jáde gan-an la rí i pé ojú Kẹ́hìndé wú, ìpin lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀, ọyún sì ń jáde. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fún ọmú sí i. Wọ́n tún ra oògùn kíkán wá fún wa ní kẹ́mísì l'Ọ́jà Jagun. A kán an, ó fúyẹ́ díẹ̀, ó tún padà. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi òwú nu ìpin náà lọ sí láàbù. Èsì dé: kò sí kòkòrò tó hù. Dókítà wá ní ká ṣe àyẹ̀wò mìíràn tí wọ́n ń pè ní PCR, pé ó lè jẹ́ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Chlamydia. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, Bàbá Ìbejì sì ń bi mí pé bí láàbù bá ti ní kò sí nǹkan, kí la tún ń wá? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ṣe é?

Ọmọ Ajíléte

Àpólò ni, àǹtí. Ó mú gbogbo ilé wa, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má náwó.

Aláàbù Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ dákun, ẹ má fi ti àpólò ṣe. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ìyẹn. Ojú ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan, tí ọyún ń jáde níbẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Èsì tí wọ́n fún yín kò parọ́, àmọ́ ohun tó lè sọ kò pọ̀. Wákàtí 24 sí 48 la sábà máa ń fi wo àwo tá a fi ń hu kòkòrò. Staphylococcus á hù, Pseudomonas á hù, kòkòrò àtọ̀sí náà á hù bí àwo bá bá a lára mu. Chlamydia kò ní hù níbẹ̀ láéláé, torí inú sẹ́ẹ̀lì alààyè ló ń gbé, bí afòmọ́ tí kò lè dá dúró láìsí igi. Ẹ sì ti ń kán oògùn kẹ́ ẹ tó lọ. Oògùn yẹn lè má jẹ́ kí èyí tó yẹ kó hù hù mọ́.

PCR kò dúró de kí ohunkóhun hù. DNA kòkòrò náà, ìyẹn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ tá a fi ń dá a mọ̀, ló ń wá. Ẹ̀rọ á mú un gbóná dé nǹkan bí 95°C, okùn DNA á là sí méjì, bó bá tutù, ẹ̀dà tuntun á jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po méjì ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá yí i nígbà 30, ẹyọ kan lè lé ní bílíọ̀nù kan. Wákàtí díẹ̀ ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ohun tí wọ́n ń mú wá bá wa. Chlamydia kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìpin, inú sẹ́ẹ̀lì ló wà! Kí wọ́n kọ́kọ́ nu ọyún kúrò, kí wọ́n yí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ síta, kí wọ́n wá fi òwú ra ẹran pupa inú rẹ̀ dáadáa, kó lè kó sẹ́ẹ̀lì. Ọmọ á ké, ẹ jẹ́ kó ké. Bí wọ́n bá ti kán omi aláwọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò sí i, ẹ sọ fún láàbù, torí ó lè dí PCR lọ́wọ́.

Ẹ ṣe é, Ìyá Ìbejì. Bó bá jẹ́ Chlamydia, oògùn kíkán nìkan kò tó. Oògùn mímu ni ọmọ máa nílò, torí kòkòrò yìí lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ̀yin àti Bàbá Ìbejì náà máa gba ìtọ́jú, torí ìbálòpọ̀ ló ń ràn án láàárín àgbà, ara ìyá sì ni ọmọ ti ń kó o nígbà ìbí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń fẹ̀sùn kan yín: ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní in tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ẹ gbé Táíwò dání, kí wọ́n wo ojú tiẹ̀ náà.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Ọ̀yọ́

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ má fún ọmú sójú mọ́. Omi tẹ́ ẹ sè tó ti tutù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, òwú ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ìyá yòókù tó ń kà á, bí ọyún bá ń ṣàn lójú ọmọ láàárín ọjọ́ 2 sí 5 tẹ́ ẹ bí i, ẹ má dúró de èsì kankan. Ti àtọ̀sí lè lu ẹyinjú kíákíá. Abẹ́rẹ́ ni, lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ìbejì, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣé gan-an. Ṣé mo lè rí i ṣe nílùú níbí? Ṣé PCR á sì sọ oògùn tó máa ràn án?

Aláàbù Ògbómọ̀ṣọ́

Rárá, orúkọ kòkòrò ló máa sọ. Bó bá jẹ́ Chlamydia, dókítà ti mọ oògùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ àtọ̀sí, a ṣì nílò àwo ká lè mọ oògùn tó ń pa á. Irú ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ṣe ti Chlamydia àti àtọ̀sí pa pọ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀ yàtọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ibi tó ní ẹ̀rọ ló ní in. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí kò bá sí nílùú, òwú náà ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ẹ má gbé ọmọ rìn.