Ta ló ni eré ìbọn yìí gan-an? Ọmọ mi fẹ́ dé Òlíńpíìkì

ÌyáMorẹ́nikẹ́:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kent ní England la wà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ló forúkọ sílẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù ìbọn. Mo kọ́kọ́ figbe ta, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń ṣe jẹ́ẹ́ láìfọwọ́ kan fóònù, mo panu mọ́. Ìbọn kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 ni wọ́n ń yìn, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní, àmì wà ní 25 yáàdì. Mo wá béèrè ọ̀nà Òlíńpíìkì, wàhálà dé. Ẹnìkan ní NSRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn kékeré, ni kí n lọ bá. Èkejì ní rárá, British Shooting ni. Ẹ̀kẹta ní NRA ló ni Bisley, pápá ìbọn ńlá yẹn, ibẹ̀ ni kí n lọ. Bàbá òyìnbó kan wá ní ìdọ̀bálẹ̀ ò sí ní Òlíńpíìkì mọ́, ó sì sọ ọ́ tìbínú-tìbínú bíi pé èmi ni mo yọ ọ́. Ṣebí ìbọn ni gbogbo ẹ̀? Ta ni kí n sanwó fún?

Dáyọ̀_Leeds:
Àǹtí, ẹ má gbọ́ NRA kí ẹ sá o, ti Amẹ́ríkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ níní ìbọn kọ́. Ti ibí ni ẹ̀gbọ́n, 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, 1871. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ń bọ̀.

BàbáSurrey:
Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dọ̀bálẹ̀ yìnbọn ní Surrey níbí, ẹ jẹ́ n tú u fún yín.

Ìjà àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ò bẹ̀rẹ̀ lórí ìbọn, orí ilẹ̀ àti owó ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́lá àti sójà olùyọ̀ǹda ló wà nídìí NRA. Ní 1860, ní Wimbledon, Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ló yin ọta àkọ́kọ́. Ní 1890 wọ́n kó lọ sí Bisley. Ìbọn ńlá ni tiwọn, láti 300 yáàdì dé 1,000. Níbo ni òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ti fẹ́ rí 1,000 yáàdì ilẹ̀? Nígbà tí ojú àwọn òyìnbó ń rí màbo lọ́wọ́ àwọn Boer lójú ogun ní Gúúsù Áfíríkà, Lord Roberts, ọ̀gágun wọn, àti àwọn bíi tirẹ̀ ní kí mẹ̀kúnnù náà kọ́ ìbọn. 1901 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀: ìbọn kékeré, ọta olówó pọ́ọ́kú, inú gbọ̀ngán. Òun ló di NSRA. Títí dòní, NRA ló ni ilẹ̀ Bisley, orí ilẹ̀ náà ni NSRA sì ti ń ṣe ìdíje ńlá tirẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó.

Láàárín 2000 sí 2010, wọ́n fẹ́ da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ CPSA, ìyẹn àwọn tó ń yin àwo amọ̀ tó ń fò. Ó forí ṣánpọ́n. Bí ẹ bá bi mí, àpò ló fọ́ ọ. Ẹni tó ń fọ́ àwo lóko ò rí ìdí tí owó rẹ̀ yóò fi tún pápá Bisley ṣe. Àwa oní-.22 ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbé wa mì. British Shooting wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ eré Òlíńpíìkì ni tirẹ̀, níbi tí owó ìjọba wà.

Ìdọ̀bálẹ̀ wá ńkọ́? Ní Rio 2016, ìdíje 9 ni ọkùnrin ní, obìnrin 6. IOC, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé, ń fẹ́ kí wọ́n dọ́gba. Ní 2017, wọ́n yọ mẹ́ta ti ọkùnrin: ìdọ̀bálẹ̀ 50 mítà, ìbọn ìléwọ́ 50 mítà, àti double trap, níbi tí àwo amọ̀ méjì ti ń fò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi mẹ́ta tí ọkùnrin àti obìnrin jọ ń ṣe dípò rẹ̀, méjì nínú ẹ̀ sì jẹ́ ìbọn afẹ́fẹ́ 10 mítà. Kò sẹ́ni tó ní kí obìnrin má gba tirẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tí wọn ò fún obìnrin ní ìdọ̀bálẹ̀ tiwọn? Torí pé òǹwòran ò rí nǹkan kan lára wa ni. Wọn ò rí i pé bí okùn tó so ìbọn mọ́ apá òsì bá fún jù, ọkàn yín á máa lù wọnú ojú ìbọn, kì, kì, kì. Ẹ óò dúró de àlàfo láàárín ìlù méjì kí ẹ tó fà á. Kí àsíá afẹ́fẹ́ yí díẹ̀ báyìí, ọta ti yà kúrò ní 10, àárín àmì gan-an.

Àwọn tó wà lókè nínú ISSF, àjọ eré ìbọn àgbáyé, náà ní ìjà tiwọn. Vázquez Raña ará Mẹ́síkò lo 1980 sí 2018 lórí àga ààrẹ. Bó ṣe kúrò, Lisin ará Rọ́ṣíà fi ìbò 148 sí 144 na Rossi ará Ítálì; ní 2022, Rossi fi 136 sí 127 gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló máa ráyè ti ẹni tó dojú bolẹ̀?

Adéọlá10m:
Ẹ kú àlàyé, bàbá. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó fi jẹ́ 9 sí 6, mi ò gbọ́ kí onídọ̀bálẹ̀ kankan figbe ta. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí ẹ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yẹn, bí agbára rẹ̀ ò bá kọjá ààlà, kò gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ní England. Òun ló jẹ́ kí èmi tí màámi ò fẹ́ gbọ́ "ọlọ́pàá" sétí rí eré ṣe.

BàbáSurrey:
Òótọ́ lo sọ lórí ìwé àṣẹ, ọmọ mi. Èmi ṣì dúró lórí tèmi: ẹ̀tọ́ obìnrin ni wọ́n fi bojú, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wá.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ bi kílọ́ọ̀bù yín nípa NSRA, ìyẹn tó báyìí. Kí ọmọ kọ́ ìkúnlẹ̀ àti ìdúró mọ́ ìdọ̀bálẹ̀, torí ìdíje onípò mẹ́ta 50 mítà ṣì wà ní Òlíńpíìkì. Ẹ má gbójú lé eré ìdíje Commonwealth o, Birmingham 2022 ò ní ìbọn rárá.

ÌyáMorẹ́nikẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Adéọlá, o ṣeun. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kó ní yìí, owó rẹ̀ ju ti aṣọ ìgbéyàwó mi lọ. Ṣé tuntun ni dandan?

Adéọlá10m:
Rárá o, àǹtí. Ó ṣì ń ga. Ẹ béèrè ní kílọ́ọ̀bù, èyí tí ọmọ ẹlòmíràn ti dàgbà jù kì í wọ́n níbẹ̀.