Lẹ́yìn tí ìgbéyàwó tú ká: ẹ̀yin tó tún ń fẹ́ra, báwo lara yín ṣe gbà á?

Alàdìrẹ Ìtòkú: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún 27 ni mo lò nílé ọkọ. Kóòtù ti tú wa ká, àwọn ọmọ ti dàgbà, n ò sì bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Bàbá kan wà tó máa ń rajà lọ́wọ́ mi, ìyàwó rẹ̀ ti kú, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan a jọ ń sọdá títì ní Pánṣẹ́kẹ́, ọ̀kadà ń sáré bọ̀, ló bá di ọwọ́ mi mú. Mo já ọwọ́ gbà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ní báàgì. Ojú tì í, ojú ti èmi náà. Kì í ṣe pé n ò fẹ́ràn rẹ̀ o, ara mi ló kọ̀. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ò ti fọwọ́ kàn mí mọ́ kí ilé tó tú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá níbẹ̀, ṣé ó máa ń lọ? Ìrírí ni mo fẹ́ o, ẹ má wàásù fún mi.

Ọmọ Lísàbí: Ọkùnrin tí kò láya tó ń ra àdìrẹ ní gbogbo ìgbà, ta ló ń rà á fún?

Alàdìrẹ Ìtòkú: Ó lóun ń fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ òun lókè òkun, wọ́n ń tà á níbẹ̀.

Ọmọ Lísàbí: "Ó lóun." Ẹ̀rín pa mí.

Tíṣà Ìta-Èkó: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó lè gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2017, ó ní òun ti sìn mí tó. A ò jà, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, ilé dákẹ́. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é lálẹ́. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ibùsùn kọ́ ló kọ́kọ́ dùn mí. Ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn mi máa ń yún mi lóru níbi tọ́wọ́ mi ò tó. À báà jà, à báà má jà, ìyàwó mi á họ ọ́ fún mi, kódà tó bá ń bínú, á kàn fi agbára họ ọ́ ni. Mo lọ ra igi kékeré tí wọ́n fi ń họ ẹ̀yìn ní Sápọ́n, mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó pẹ́, èmi àti obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í jọ jẹun ní Kútọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ká jọ jókòó náà ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí mi nílé, ó rí igi yẹn, ó bi mí pé kí lèyí. Mo ṣàlàyé. Kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí òun. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, àgbàlagbà bíi tèmi, omi bọ́ lójú mi.

Àdúkẹ́ Ìbàrà: Bàbá, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ọ̀gá mi ń bi mí pé kí ló pa mí lẹ́kún.

Ìyá Ọlọ́fàdà: Igi yẹn dà?

Tíṣà Ìta-Èkó: Ó ti fi dáná, Mà.

Ìyá Ọlọ́fàdà: Ẹ fẹ́ obìnrin yẹn kíá.

Dálémoṣú Aláfẹ́: Ẹ̀yìn ni ti bàbá, ẹsẹ̀ ni tèmi. Ẹsẹ̀ mi máa ń tutù lóru, ọkọ mi àtijọ́ ló ń bá mi fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mú un móoru, àní ọkùnrin burúkú yẹn. Àwọn tó ń wá báyìí ò mọ ẹsẹ̀, ibòmíràn lọkàn wọn wà. Ọ̀kan ní ká jọ lọ gun Òkè Olúmọ. Ibẹ̀ náà kúkú ni àwọn baba wa sá sí lọ́dún 1830. Ká tó dé òkè, ọwọ́ bàbá yìí ti rìn dé ibi tí ogun ò dé rí. Mo ní kó jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Lísàbí: Ibi tí ogun ò dé rí!!!

Onímọ́tò Lafẹ́nwá: Ẹ̀yin obìnrin. Tí ọkùnrin bá yára, ẹ ó ní kò níwà. Tó bá lọ́ra, ẹ ó ní kò lágbára. Èwo ni kó ṣe?

Dálémoṣú Aláfẹ́: Kó la ẹnu béèrè. Ẹnu ò tíì wọ́n lọ́jà.

Alhaja Kẹ́mta: Ọ̀rọ̀ ń lọ jìnnà. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni yóò fi ṣe ìddà, ìyẹn àkókò tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní kó fi dúró kó tó tún lọ́kọ. Èyí tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, kó rí nǹkan oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọkùnrin kó èèyàn wá sílé. Kí ni ń jẹ́ a jọ ń jẹun ní Kútọ̀?

Dálémoṣú Aláfẹ́: Alhaja, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ wàásù.

Alhaja Kẹ́mta: Ìrírí mi ni! Ọkọ mi kú, mo ṣe opó mi pé, mo sì tún lọ́kọ. Ìyàwó kẹta ni mí nílé ibi tí mo wà yìí. Lọ́jọ́ tó bá kàn mí, ọkọ mi á wá, a ó sọ̀rọ̀ títí, á fi orí lé mi lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá kàn mí, mo na ara mi gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó ń han-run sí mi létí. Èwo nínú yín ló gbádùn tó mi?

Àdúkẹ́ Ìbàrà: N ò lè jiyàn sí èyí.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀: Ìyá Alàdìrẹ, kóòtù wo ló tú yín ká? Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ ìjọba, kóòtù gíga nìkan ló lè tú u, kóòtù ìbílẹ̀ ò lágbára rẹ̀. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ kọ́ sì ni òpin ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá rí "nisi" lórí ìwé yín, oṣù 3 gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Kó tó pé, ìyàwó oníyẹn lẹ ṣì jẹ́ lójú òfin.

Alàdìrẹ Ìtòkú: Ẹ má pa mí láyà. Ìdána nìkan la ṣe, kóòtù ìbílẹ̀ náà la sì lọ. Ìwé wà lọ́wọ́ mi.

Onímọ́tò Lafẹ́nwá: Ṣé ẹ dá owó orí padà?

Alàdìrẹ Ìtòkú: Wọ́n ní ká dá a padà, a dá a padà. Owó yẹn ò lè ra ike tòmátò kan báyìí.

Ìyá Ọlọ́fàdà: Àwọn ọmọ tó bí ńkọ́, ta ló máa san tiwọn? Gbogbo ọbẹ̀ tó sè ńkọ́?

Onímọ́tò Lafẹ́nwá: Òun náà jẹ nínú ọbẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Adígbẹ: Ẹ fi owó orí sílẹ̀. Ìyá Alàdìrẹ, mo máa ń gbọ́ irú tiyín dáadáa. Ara tí wọn ò fọwọ́ kàn fún ìgbà pípẹ́ lè ta kìjí, kò túmọ̀ sí pé ẹ ò fẹ́ onítọ̀hún. Ẹ sọ fún un. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ nígbà mìíràn, kó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mọ ìgbà tí ìfọwọ́kàn ń bọ̀. Tó bá wá dé ibùsùn: lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, ojú ara obìnrin lè gbẹ, kó máa dunni. Ẹ má rọ́jú. Jẹ́ẹ̀lì wà ní ilé oògùn. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ò tíì dúró fún oṣù 12 gbáko ṣì lè lóyún o. Kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ ṣe àyẹ̀wò HIV, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3, torí ó lè má tètè hàn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà máa ń mú kí nǹkan má dìde, dókítà ni kẹ́ ẹ sọ fún, ẹ má ra oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tó bá ń lo oògùn àyà tó ní nitrate nínú, tó tún gbé Viagra mì, ó lè kú.

Ìyá Ọlọ́fàdà: Òrí ńkọ́? Òrí la mọ̀ láyé tiwa.

Nọ́ọ̀sì Adígbẹ: Tí ẹ bá ń lo kọ́ńdọ̀mù, ẹ má fi òrí sí i, á bẹ́. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi omi ṣe ni kẹ́ ẹ béèrè.

Onímọ́tò Lafẹ́nwá: Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Lísàbí: Kí lò ń kọ sílẹ̀? Ìyàwó rẹ wà nílé!

Àdúkẹ́ Ìbàrà: Ọmọ ni mí nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Mo lọ kí màmá mi ní Ìdí-Abà láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo bá bàbá kan ní pálọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ màmá mi sórí itan, ó ń bá wọn fi róòbù ra á. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo wọ kíṣìnì, mo dúró síbẹ̀. Inú bí mi, n ò mọ ẹni tó bí mi nínú. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé n ò rí i kí bàbá mi fọwọ́ kan màmá mi rí, bó ti wù kó mọ.

Tíṣà Ìta-Èkó: Ọmọ mi, o ṣeun tó o kúnlẹ̀. Ọmọkùnrin tèmi ò pè mí mọ́ látìgbà tó ti gbọ́.

Àdúkẹ́ Ìbàrà: Á pè, Sà. Ẹ jẹ́ kó bínú tán.

Alhaja Kẹ́mta: Ìgbà tó o wà ní kíṣìnì, ṣé o fún àlejò lóúnjẹ?

Àdúkẹ́ Ìbàrà: Mo ro láfún, ọbẹ̀ ewédú wà nílẹ̀.

Ọmọ Lísàbí: Láfún fún ẹni tó wá fẹ́ ìyá rẹ? Kí ló dé tó ò gbé ìrẹsì kalẹ̀?

Ìyá Ọlọ́fàdà: Kí ló ṣe láfún? Ẹni tí kò bá lè jẹ láfún, kí ló ń wá lọ́dọ̀ obìnrin Ẹ̀gbá?

Àdúkẹ́ Ìbàrà: Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n o. Wọ́n bi mí bóyá gàrí wà.