Báwo ni a ṣe lè díwọ̀n ìnira tí dídákú léraléra ń mú bá ènìyàn?

Ìbéèrè, láti Ìlọrin: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Àbúrò mi obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, máa ń dákú léraléra. Àyẹ̀wò ọkàn rẹ̀ kò fi àìsàn kankan hàn, síbẹ̀ ẹ̀rù kì í jẹ́ kó gun ọ̀kadà mọ́. Ǹjẹ́ a lè díwọ̀n ìnira yìí kí dókítà lè rí i?

Èsì kìíní: Ó ṣeé ṣe. Ìwé ìbéèrè EQ-5D ń wádìí nǹkan 5: ìrìn, ìtọ́jú ara ẹni, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora, àti àníyàn tàbí ìbànújẹ́. SF-36, ìwé ìbéèrè mìíràn nípa ìlera, ní ìbéèrè 36.

Èsì kejì, láti Ọ̀fà: Òótọ́ ni ẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí ara ṣe rí lónìí nìkan ni EQ-5D ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dákú lánàá lè dìde láàárọ̀ òní kó sì dáhùn pé ara òun le koko. Lójú tèmi, ìbẹ̀rù ìgbà tí yóò tún ṣẹlẹ̀ ló wúwo jù, nítorí náà kí wọ́n máa kọ ohun tí ìbẹ̀rù ti mú kó pa tì sínú ìwé pẹ̀lú.

Èsì kẹta: Bó bá dákú nígbà tó ń ṣiṣẹ́ agbára, ẹ tètè gbé e padà sí ilé ìwòsàn.