Níbo ni ọ̀nà ti dákẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ní Faransé?

ỌmọÌdúmọ̀tà: Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Faransé lóṣù kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́fà la fẹ́ fi gun kẹ̀kẹ́ lábúlé wọn. Níbí, àfi ká jí láago márùn-ún ìdájí Sunday ká tó lè gùn ún láìsí dánfó tó ń fun fèrè lẹ́yìn wa. Ìyàwó mi ò fẹ́ òkè rárá o.

ÀǹtíYaba: Odò Loire ni kẹ́ ẹ lọ jàre! Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní La Loire à Vélo gùn tó 900 kìlómítà, ó tẹ́jú, ẹ̀bá odò ló ń gbà lọ, ẹ mú Blois sí Saumur nìkan, ẹ ó rí ààfin àtijọ́ àti oko àjàrà títí ojú yín á fi kún.

Bọ̀dáSúrùlérè: Òótọ́ ni àǹtí sọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ gan-an lẹ fẹ́, ẹ ra máàpù Michelin oníwèé, ọ̀nà kéékèèké tí wọ́n kùn ní funfun nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ sá fún pupa, títì ńlá nìyẹn. Ẹ má rò pé gbogbo ọ̀nà tó ní lẹ́tà D níwájú nọ́ńbà ẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ìjọba ẹkùn, ló dákẹ́ o, tírélà wà lórí òmíì. Ẹ tètè ra búrẹ́dì àti omi láàárọ̀, torí ṣọ́ọ̀bù abúlé máa ń tì lọ́sàn-án.

ỌmọÌdúmọ̀tà: Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀nà ẹ̀bá Canal du Midi, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ yẹn, ńkọ́?

Bọ̀dáSúrùlérè: Toulouse sí Sète, 240 kìlómítà. Ó tẹ́jú, àmọ́ ọ̀dà ò dé òpin, tó bá yá ẹ ó bá erùpẹ̀ àti gbòǹgbò igi, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á jìyà.